Ìrọ̀rí Ànísátù

Abà Aláràbà,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Zàlìhà ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó wà pẹ̀lú rẹ, àti ọkọ rẹ Ìdrìsù, àti ọmọ wa Ànísátù. Ẹ kú ooru Niamey, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ọwọ́ lómi. Omi tí o fi ń wẹ ọmọ ò ní gbóná jù, kò ní tutù jù, láṣẹ Ọlọ́run. Àwa náà wà bí ẹ ṣe fi wá sílẹ̀, àfi òrùlé ilé ìdáná tí ìjì gbé lọ, ewúrẹ́ mi sì bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ń ké bí ọkọ̀ Sàláúdéènì.

Sàláúdéènì oníṣòwò aṣọ yìí náà ni mo fi ìwé rán. Mi ò sọ ọ́ sínú fóònù, torí ohùn tí mo sọ sí i lọ́jọ́sí, mi ò rí ibi tó gbà jáde. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mi ò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ohùn tí ìwọ fi ránṣẹ́ gan-an ló bà mí nínú jẹ́. O ní o ti gbé ìrọ̀rí tí mo rán fún Ànísátù sórí kọ́bọ́ọ̀dù, pé nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ ní àdúgbò yín tí ẹ ń pè ní Dar es Salam ní Niamey níbẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fi orí lé ìrọ̀rí títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún méjì. Ọdún méjì! Òwú àràbà tí mo ṣà fúnra mi, tí mo yọ kóró inú rẹ̀, tí mo fi aṣọ ìkómọ rẹ rán! Sàláúdéènì ní àwọn aṣọ́bodè tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n ní kí ló wà nínú rẹ̀, ó ní ọmọ-ọmọ èmi Àjọkẹ́ ló fẹ́ lọ sùn lé e. Kí n wá gbọ́ pé kọ́bọ́ọ̀dù ló sùn lé.

Kí n má parọ́, àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù ló jẹ́ kí n rán an. Mo rí Ànísátù tó sùn gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí nǹkan kan lábẹ́ orí rẹ̀. Mo ní háà, ọjà Ìdrìsù ti kùtà! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé mọ́ṣáláṣí, mo ní kí wọ́n bá mi ṣàdúà kí Ọlọ́run fún ọkọ ọmọ mi ní ìrọ̀rí. Àmín tí wọ́n ṣe mi fèrèsé tìtì. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé láti Ìléyá tí mo ti ń wo ọmọ náà, kò tíì yí ẹ̀gbẹ́ padà rí. Mo máa ń rọra mi fóònù náà kó lè yíra.

Ni mo bá gbé ẹjọ́ rẹ tọ Màmá Hàwáù, ìyá bàbá rẹ, lọ. Mo rò pé wọ́n á gbè mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n ní ta ló fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí Zàlìhà nígbà tó ṣì ń mu ọmú, wọ́n ní àbí mo ti gbàgbé ni.

Mo ti gbàgbé lóòótọ́. Orí ẹní lo sùn, gbalaja bíi ti Ànísátù. Ìgbà tí mo fẹ́ gba ọmú lẹ́nu rẹ, tí mo fi ewúro ra á, tí o fi igbe bolẹ̀, ni Màmá Hàwáù gbé ọ lọ sí yàrá wọn. O ti ń sáré kiri nígbà yẹn, o ti ń lé àgùntàn. Wọ́n ya ìró wọn, wọ́n fi rán ìrọ̀rí kékeré kan, wọ́n ní àyà ìyá rẹ ni wọ́n gbé wá fún ọ. O gbóòórùn rẹ̀, o gbá a mọ́ra, o sùn lọ. Èmi ni mi ò sùn. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmú ń ro mí, mò ń gbọ́ bí o ṣe ń hanrun. Títí o fi lọ ilé ìwé lo ń wọ́ ìrọ̀rí yẹn kiri àgbàlá, tí àwọn adìyẹ ń sá fún un. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí, ọmọ mi. Ilé kún nígbà náà.

Nígbà tí mo padà délé, mo tún ohùn rẹ gbọ́. O ní nọ́ọ̀sì ní ọrùn ọmọ kékeré ò tíì lágbára, bí imú rẹ̀ bá rì sínú ohun tó rọ̀, kò ní lè gbé orí kúrò, kò sì ní lè ké. Mo rántí bí òwú àràbà ṣe máa ń rì, àyà mi já. Mo dúpẹ́ pé o ò gbọ́ tèmi. Fi sílẹ̀ níbi tó wà, ṣùgbọ́n máa sá a sóòrùn kí eku má sọ ọ́ di ilé.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ìrọ̀rí nìkan kọ́ ló ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ìyá àgbà gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Bí àsìkò Ànísátù bá tó, ọ̀dọ̀ mi ni kó sùn. Ọjọ́ orí mi ń lọ, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ inú fóònù nìkan ni yóò ti mọ̀ mí. Torí náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú sẹ́fà, owó ọ̀dọ̀ yín yẹn, díẹ̀díẹ̀ fún owó ọkọ̀ mi, kí o sì fi ti òrùlé ilé ìdáná rán Sàláúdéènì. Má fi gba báńkì o. Wọ́n ní kí n tẹ̀ka lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò jẹ wọ́n ní gbèsè.

Kí Ọlọ́run mú ọrùn Ànísátù le tó ìrọ̀rí, kó mú ẹsẹ̀ tèmi náà le dé Niamey, kí n bá yín láyọ̀.

Má sì jẹ́ kí ọkàn rẹ dààmú nípa ti ọ̀dọ̀ mi níbí. Gèlè tí mo máa ń ká sábẹ́ fóònù lálaalẹ́ kí orí ọmọ inú rẹ̀ lè ga díẹ̀, mo ti yọ ọ́ kúrò. Pẹrẹsẹ ló ń sùn báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àjọkẹ́.