Àwọn Ọmọ Ẹyẹ Tí Mo Fẹ́ Kà

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìlú Ọba níbí, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù wọ eegun. Mo kí Bàbá, mo kí Bùọ̀dá Délé àti gbogbo agboolé wa ní Ìrẹ̀mọ. Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kí àwọn tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ yín kàwé títí, ó wá lọ ń ka ẹyẹ, lè rí i kà.

Iṣẹ́ mi rèé. Àwọn kan fẹ́ kọ́lé sétí adágún kan. Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ gbẹ́lẹ̀ títí a ó fi mọ iye pẹ́pẹ́yẹ odò tó ń pamọ níbẹ̀, àti iye òòbẹ̀ tó wà nínú òrùlé àká àtijọ́ kan. Òòbẹ̀ lásán ni o, wọn ò tó àdán orí igi Yunifásítì tiwa. Wọ́n ní kí àwa mẹ́rin kọ ètò bí a ó ṣe kà wọ́n, kálukú tirẹ̀. Ohun tí n kò sọ fún yín ni pé ìdánwò ni: ẹnì kan péré ni wọ́n máa gbà síṣẹ́. Mò ń dá jẹun, mò ń dá sọ̀rọ̀.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé a ó máa wọ inú koríko lọ wo ìtẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo sọ fún yín lórí fóònù, ẹ pariwo mọ́ mi. Ẹ ní ta ló kọ́ mi pé kí n máa ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ẹ ní ṣé mo ti gbàgbé pé bí adìẹ yín bá sàba, ẹ kì í jẹ́ ká yọjú wò ó, kó má baà kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ti òyìnbó yàtọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ò kúrò lọ́kàn mi. Mo fa ètò náà ya, mo kọ òmíràn: ọ̀ọ́kán la ó jókòó sí, títí ìyá pẹ́pẹ́yẹ yóò fi kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde sórí omi fúnra rẹ̀. Bí òòbẹ̀ bá sì ń jáde lálẹ́, ẹ̀yìn àká la ó gbà, ká má tan iná sójú ọlọ́mọ.

Ìyá mi, ẹ bá mi jó! Lánàá, ọ̀gá wa, ìyá àgbà kan tí kì í yin ẹnikẹ́ni, da ètò àwọn mẹ́ta yòókù nù. Ó ní àwọn ètò yẹn yóò lé àwọn ẹyẹ náà lọ kí a tó kà wọ́n. Tèmi ló mú, èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́! Ọjọ́ Ajé la ó bẹ̀rẹ̀, èmi ni n ó sì ṣáájú. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi ní irú ọgbọ́n yìí, mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí n kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ìyá mi, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni orúkọ yín wà báyìí, òun ló wà lókè tèmi.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹ èrè gbogbo làálàá yín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni Mojísọ́lá, ọmọ yín.