Fèrèsé Tí Èmi Gan-an Kò Rí

                                        Ilé aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí,
                                        Bolori,
                                        Maiduguri,
                                        Ìpínlẹ̀ Borno.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Èrèlé, 2025.

Akínlabí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orókún Màmá ti ń gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, àbí ilé ni wọ́n ṣì ti ń gbọ́ ìwàásù? Ọyẹ́ ibí ti la ètè mi, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, a ò ríbi. O ní kí n kọ ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí sílẹ̀, nítorí pé lórí fóònù, ẹ̀rín ò jẹ́ kí o gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó dáa, mo ti kọ ọ́. Èmi ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

O mọ̀ pé láti oṣù Ọ̀pẹ ni Ìbíyẹmí ti gbé Morẹ́nikéjì, ọmọ wa, lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlá, nítorí ikọ́. Àlàfo wà láàárín fèrèsé ilé wa àti ògiri, ibẹ̀ sì ni eruku ń gbà wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Tí mo bá tún fèrèsé ṣe, òun yóò wá wò ó, ṣùgbọ́n òun ò ní ṣí àpótí òun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun yóò fi ìka nu tábìlì yàrá ọmọ. Bí ìka bá dọ̀tí, òun á gbé àpótí padà sí Ìlá, ó di ìgbà òjò. Akínlabí, àárò wọn sọ mí! Mo ti ń bá rédíò jiyàn. Wọ́n ní Hausa ni ọmọ fi ń bá màmá àgbà sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, màmá àgbà sì ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

Káfíńtà tí mo bẹ̀ gba iṣẹ́ mìíràn ní Gamboru, kò padà wá mọ́. Mo bá ra pákó fúnra mi, mo gé e, mo kùn ún lọ́dà, mo sì ń kàn án yí ojú fèrèsé po láti ìta, mo ń fi gọ́ọ̀mù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tiwájú ṣe déédéé. Tẹ̀yìn náà ṣe é wò. Ó wá ku ti yàrá ọmọ, èyí tó kọjú sí ilé Jàáfárù, aládùúgbò wa. Àyè tó wà láàárín ògiri wa àti fẹ́ǹsì rẹ̀ kò ju kí ewúrẹ́ gbà á kọjá lọ, ewúrẹ́ náà yóò sì fẹ̀gbẹ́ rìn ni. Mo ki àkàbà bọ ibẹ̀, mo gùn ún.

Bí mo ṣe yọrí lókè fẹ́ǹsì báyìí, Hajja, ìyá Jàáfárù, àti ìyàwó rẹ̀ ni mo rí ní àgbàlá. Wọ́n ń ṣa ìrẹsì, wọn ò borí. Ọmọ Yorùbá ni mí. Ìyá mi ò kọ́ mi pé kí n rí àgbà kí n dákẹ́. Mo di àkàbà mú, mo tẹrí ba, mo ní, "Sannunku da aiki!", ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrẹsì dànù. Ilẹ̀kùn dún gbà! Mo rò pé wọn ò gbọ́ ni, mo bá tún wọn kí, mo sì gbé ohùn sókè sí i.

Nírọ̀lẹ́, Jàáfárù wá. Ó béèrè ara mi, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè òtútù. Nígbà tó béèrè tán, ó rọra là á yé mi pé níbí, ẹni tó bá fẹ́ gun òkè yóò kọ́kọ́ ké láti ìsàlẹ̀, kí àwọn obìnrin inú àgbàlá kejì lè ráyè wọlé. Ojú tì mí, ilẹ̀ ò sì lanu. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan, pé Hajja tilẹ̀ ní ẹni tó kọ́ mi nílé kọ́ mi dáadáa, ibi tí mo ti ń kí èèyàn ni kò dáa.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró nísàlẹ̀, mo ké pé, "Zan hau!", mo ń gùn ún o. Mo gbọ́ bí bàtà ṣe ń wọ́ wọlé. Mo gùn ún. Mo ti gbàgbé òòlù. Mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jáde. Mo ké, wọ́n wọlé. Ìṣó tán. Mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jáde. Mo ké, wọ́n wọlé. Nígbà tó ṣe, ohùn Hajja ta jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní bí mo ṣe ń ṣe yìí, ìrẹsì àwọn ò ní jinná láéláé, àti pé, ní ti pákó òkè ọ̀hún, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Mo wò ó, ó tọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó, kò sì sí àyè tí mo lè fà sẹ́yìn sí. Hajja ní àwọn làwọn yóò máa rí i láràárọ̀, nítorí náà kí n tú u. Mo tú u. Àṣé àlàfo kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìka lè wọ̀! Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àpótí á padà sí Ìlá. Wọ́n ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń pàṣẹ, èmi ń gbé e sókè, mo ń gbé e sílẹ̀, n kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ya yi!", ó ti dáa. Mo kàn án mọ́bẹ̀.

Ìbíyẹmí gbé ọmọ dé lọ́jọ́ Sátidé. Àpótí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, títì pa. Ọyẹ́ fẹ́ mọ́jú. Láàárọ̀, ó fi ìka nu tábìlì, ó wo ìka, ó wò mí. Ó lọ kí Hajja. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti òdì kejì fẹ́ǹsì, mo sì mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń rín.

Nígbà tó dé, ó ní òun ti wo fèrèsé náà láti àgbàlá wọn, ó tọ́, ó sì lẹ́wà. Ó ní Hajja ní kí òun bá àwọn dáhùn ìkíni ọjọ́sí. Ó bá kúnlẹ̀, ó ṣí àpótí, ó ń kó aṣọ ọmọ jáde. Inú mi dùn, Akínlabí, omi lé sí mi lójú. Mo ní eruku ló kó sí i.

Ó ní, "Eruku wo?"

Bá mi kí Màmá, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Bí o bá ń bọ̀ wá kí wa, mú ìyàwó rẹ dání, kí ó bá ọ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi láti àgbàlá Hajja. Èmi tí mo ṣe é ò tíì rí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ọlátúbọ̀sún.