Kọ́tìnì Pupa Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwẹ̀

Àbúrò mi, Bàbá wa ò rí ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ yìí, nítorí pé o yọ kọ́tìnì pupa tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

O ní kọ́tìnì náà kì í jẹ́ kí ilé mí. Ilé wo ló ń mí? Bàbá ló ń mí. O kun gbogbo ògiri ní funfun, o gbé àga dúdú wọn jù sẹ́yìnkùlé, o wá kó àga pákó tí kò lọ́dà àti rọ́ọ̀gì onírun àgùntàn wọlé. Pákó náà dára, mi ò purọ́, òórùn rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti di bàìbàì, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Ní báyìí, bákan náà ni gbogbo ilé rí lójú wọn.

Mo wà nídìí iná nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri kiri. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń wá?"

Wọ́n ní, "Kò sí o, ìyá mi. Mo kàn ń na ẹsẹ̀ ni."

Ojú ń tì wọ́n láti béèrè ọ̀nà nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́.

Kọ́tìnì náà nìyí lórí tábìlì. Gbé e kọ́ kó o tó jẹun, kó o sì gbé àga wọn wọlé. Má wulẹ̀ ṣàlàyé kankan fún wọn.

Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ. Mo ti fọ ṣòkòtò wọn, mo sá a sórí okùn. Láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti mu omi, kí ìtọ̀ má baà tún gbọ̀n wọ́n.