Ọ̀kẹ́ Márùn-ún Ènìyàn àti Ìbọn Kan

Ìsundunrin, lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò,
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹfà, 1992.

Mùínàt ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ara wa le nílé, a sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí tìrẹ náà le ní Ìbàdàn, kí ariwo àwọn ọmọ iléèwé tí ò ń kọ́ má dí ọ létí, kí owó oṣù má pẹ́ kó tó dé, kó má sì tètè tán bó bá dé. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ bí méjì, ọ̀kan kú, nítorí náà ọ̀kan ni kí o kà. Òjò ń rọ̀ dáadáa, ẹ̀gẹ́ ti ta, ọ̀yà sì ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni inú bí mi. O ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan lókè òkun jókòó, wọ́n ṣírò, wọ́n rí i pé ibi tí ìbọn bá pọ̀ sí nínú ilé ni ènìyàn ti ń pa ènìyàn jù, pé bí òfin bá le, ikú á dín. O ní kí n gbé ìbọn mi lọ gba láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí kí n kúkú fi í sílẹ̀ fún wọn. Èmi tí mo fi ekùrọ́ kọ́ ọ ní ìṣirò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìwọ lo wá ń kọ́ mi.

O ní nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn ni wọ́n ti ka iye tó ń kú. Mùínàt, níbo ni wọ́n ti rí ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn kó jọ? Bí a bá ka gbogbo Ìsundunrin, ká fi ìlú Ọlá àti Máṣifá kún un, ká wá ka adìẹ mọ́ ọn, kò lè tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò náà kò tíì kàn wá nìyẹn. Bí a bá pé iye yẹn, kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀. Èmi náà jókòó, mo ṣírò tèmi. Ìbọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nílùú yìí, láti ìgbà tí mo sì ti gbọ́njú, kò sí ẹni tó fi ọ̀kan pa ọmọnìkejì rẹ̀. Ti Ògúndìran tí wọ́n yìnbọn fún nínú igbó, tí wọ́n ṣe bí ẹtu ni, n kò kà á, àṣìṣe nìyẹn. Ìbàdàn níbi tí òfin wà ní gbogbo ìkóríta ńkọ́, ṣebí ìwọ fúnra rẹ lo kọ̀wé pé àwọn adigunjalè yìnbọn ládùúgbò rẹ? Ṣé àwọn yẹn gba láísẹ́ǹsì? Ṣé wọ́n ya fọ́tò?

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí gan-an ló dùn mí. Nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́, mo gbéra, mo san owó ọkọ̀ dé Ẹ̀jìgbò, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì wá. Mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ọ̀rọ̀ àwa méjì ni fọ́ọ̀mù náà ń sọ, èmi àti ìbọn, nítorí náà mo ya ọ̀kan, ìbọn ya ọ̀kan. Mùkáílà onífọ́tò gbé e jókòó sórí àga, ó ta aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀, tirẹ̀ tiẹ̀ dára ju tèmi lọ torí kò ṣẹ́jú. Mo gbé fọ́tò méjèèjì àti ìbọn padà lọ sí Ẹ̀jìgbò, ọlọ́pàá tó gbà wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní Baba, ojú tiyín nìkan la fẹ́ rí. Mo ní kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dá owó fọ́tò ìbọn padà fún mi? Ó ní ìbọn náà yóò wà lọ́dọ̀ àwọn títí ìwé rẹ̀ yóò fi jáde. Mo ń ṣépè fún àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ títí mo fi délé.

Wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlíù ẹ̀gbọ́n rẹ gbé aṣọ tó rà bọ̀ láti Àbíjáǹ fún Ràmọ́nù télọ̀, aládùúgbò wa, kó fi rán aṣọ Iléyá. Nígbà tó rán an tán, apá ọ̀tún kúrú ju tòsì lọ. Àlíù ní ó jí aṣọ òun. Ràmọ́nù ní ta ló jí nǹkan, pé ẹni tó lo ọdún mẹ́fà ní Àbíjáǹ tó gbé aṣọ tí kò tó apá méjì bọ̀, ṣé òun ló máa bá a hun ìyókù? Gbogbo ojúlé bú sẹ́rìn-ín. Àlíù bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé búra, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ló bá sáré wọ yàrá mi, ó nawọ́ sí ìṣó tí ìbọn mi máa ń wà. O sì mọ̀ pé ìbọn mi kì í wà lára ìṣó láìní ẹ̀tù nínú, torí ọ̀yà kì í dúró de ẹni tó ń wá ẹ̀tù. Èmi ni mo máa ń ki í.

Ìṣó nìkan ló bá. Ó yí ẹní, ó wo orí àjà, ó ń pariwo pé ìbọn dà. Ìyá rẹ tó ń gúnyán ní ó wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó já ọmọ odó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde. Ràmọ́nù rí i bó ṣe ń bọ̀, ó gbé apá sókè, apá náà sì kán. Apá ni o. Orí ni Àlíù fẹ́ fọ́.

Mo máa ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ pani á fi orógùn pani. N kò ní sọ ọ́ mọ́. Kò sí ilé tí kò ní ọmọ odó nílùú yìí, ṣùgbọ́n ọmọ odó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni kó tó lè ṣe é níbi, ẹni náà á sì ti rí i. Ta ló ń gbé apá sókè fún ọta ìbọn? Bí ìbọn mi bá wà lára ìṣó lọ́jọ́ náà, à bá ti ṣe fídáù Ràmọ́nù, Àlíù ì bá wà lẹ́wọ̀n, èmi ì bá sì máa sọ pé àṣìṣe ni, pé n kò ní kà á. Mo ti tún ìṣirò mi ṣe. Mo ti ka Ògúndìran.

Síbẹ̀, inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí àwọn tó jókòó lókè òkun tí wọn kò mọ Ìsundunrin, tí ọ̀rọ̀ wọn sì bá wa nílé. N kò sì sọ pé òfin rẹ pé o, torí àwọn adigunjalè Ìbàdàn kò tíì ya fọ́tò. Àwa tí ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà ni òfin ń mú. Ṣùgbọ́n àwa tí ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà náà ló bí ọmọ tí inú ń bí.

Àlíù ló ń pọnmi tí Ràmọ́nù fi ń wẹ̀ báyìí, òun ló sì ń bù ú lóúnjẹ. Ràmọ́nù ní òkèlè rẹ̀ tóbi jù.

Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́. Ẹni tó ń to apá náà ń gba ogójì náírà, láísẹ́ǹsì jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí o tún bá mi ra àpótí onírin kan tí ìbọn á gbà nínú rẹ̀ àti àgádágodo tó nípọn, ná an dáadáa. Fi àgádágodo náà ránṣẹ́ ní ṣíṣí, èmi á tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ méjèèjì, má fi wọ́n ránṣẹ́, kí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ. Bí mo bá rí ọ̀yà, n ó kọ lẹ́tà sí ọ pé kí o fi ọ̀kan ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀yà á ti jẹun yó, á ti lọ. Mo ti ṣírò rẹ̀. Gbogbo ẹ̀gẹ́ tó lè jẹ láti Iléyá dé Iléyá kò tó orí ènìyàn kan, kò sì sí ìbínú tó lè dúró de póòsìtì.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ rere tí inú kì í tètè bí. Wọn ò ní ka ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́ iye tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlàímọ́nù.