Ewé Ara Kànga Ìyá Onílé

Ọjọ́bọ̀. Ọ̀la ni Iléyá.

Ó ti tán. Ewé kékeré tó lẹ̀ mọ́ ara kànga wa bí ewédò, tí mi ò rí irú ẹ̀ nínú ìwé kankan, ti lọ. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ní àfi tó bá so èso ká tó lè sọ pé irú tuntun ni. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ èso!

Mo ti wá gbogbo kànga Agbowó títí dé Bódìjà. Kò sí níbòmíràn. Ayé mi.

Ìyá onílé ló fi bílíìṣì fọ kànga de àwọn àlejò ọdún. "Mo bá ẹ fọ ibi tó ń yọ̀ yẹn, ọmọ mi, kí o má baà ṣubú."

Ta ni mo fẹ́ bá jà?

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Nígbà tí mo dìde, ewé náà ló lẹ̀ mọ́ mi lórúnkún, ó ti funfun báláú.