Aṣọ Funfun Lẹ́nu Amù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ìyá Ṣẹ̀fíátù Adùnọlá Àkànbí (1922–1989)

Ní nǹkan bí ọdún 1922 ni a bí Màmá wa, Ṣẹ̀fíátù Adùnọlá, ní agboolé Ọláníyọnu, Ìwó. Baba wọn ni Àlùfáà Rájí, àgbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú; ìyá wọn ni Fàtímọ̀, tó ń ta aṣọ. Màmá kò jókòó ní ilé-ìwé rí. Ẹ̀gbẹ́ baba wọn ni wọ́n ti ka Àlùkùránì, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń gé aṣọ.

Ní 1941, wọ́n di aya Olóògbé Abọ́dúnrìn Àkànbí. Nígbà tí ọkọ wọn kú ní 1968, wọ́n gba iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń sá fún: wíwẹ òkú obìnrin àti gígé aṣọ funfun tí a fi ń sin wọ́n. Bí Màmá bá gbé àlùmọ́gàjí dání kọjá, àwọn ọmọdé a sá wọlé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1984, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dé sí agboolé wa láti orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ó wà lára àwọn tó ń fi ìlú wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ àlàáfíà àti ìdàgbàsókè nílùú onílùú. Ahọ́n wa kò gbé orúkọ rẹ̀. Màmá sọ ọ́ ní Dúpẹ́. Sòbìà ló wá bá wa gbógun tì, aràn tí à ń mu nínú omi adágún ojú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, tó sì máa ń gba ẹsẹ̀ yọ jáde. Dúpẹ́ ní kí a máa fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún. Ó bẹ Màmá kí wọ́n bá òun gé e lára aṣọ funfun wọn, kí a máa so ó mọ́ ẹnu amù.

Ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Aṣọ òkú lẹ́nu amù! Àwọn ará ilé tún ní Dúpẹ́ kì í gba owó oṣù; kí wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá kiri? Ọ̀sẹ̀ tí a pín aṣọ náà gan-an ni ìyá Fàtáì, aládùúgbò wa, kú. Fàtáì kó àwọn ọ̀dọ́ wá sẹ́nu ọ̀nà wa, igi lọ́wọ́.

“Ìyá, ẹ mú obìnrin yẹn jáde fún wa!”

“Fàtáì, èmi ni mo wẹ ìyá rẹ. Láti èṣí ni àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Ṣé aṣọ tí mo fi sin ín ló pa á ni?”

Màmá bu omi tí a ti sẹ́, wọ́n mu ún lójú gbogbo wọn. Omi ń dà sí wọn láyà. “Tí ẹ bá rí sòbìà lẹ́sẹ̀ mi, ẹ wá mú àwa méjèèjì.”

Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ náà lọ tán ni Dúpẹ́ ṣàlàyé ohun tí Màmá kò mọ̀. Sòbìà a máa fara pamọ́ sínú ara fún bí ọdún kan. Omi èṣí, tí a kò sẹ́, ṣì wà lára gbogbo wa.

Ní oṣù kejì ọdún 1985, ó yọ lẹ́sẹ̀ Ràfíátù, ọmọ-ọmọ Màmá. Àdúgbò ní aṣọ náà ló fà á. Kò sẹ́ni tó tún pe Màmá wá wẹ òkú. Láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá, wọn a máa fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ wọn wò. Bí ọwọ́ bá kan ibi tó le díẹ̀, wọn a tún ibẹ̀ tẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ní kí Dúpẹ́ sá lọ sílé. Ó ní òun kò lọ. Àwọn méjèèjì ń sẹ́ omi lọ.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1986 dé, sòbìà kò yọ lára ẹnì kankan nínú ilé tó ń sẹ́ omi. Fàtáì tún wá. Igi ọjọ́sí ló fi ń tilẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Màmá kò bá a wí. Wọ́n gé aṣọ fún un.

Dúpẹ́ padà sílé ní 1987. Màmá jáde láyé ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1989. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Mùrí, Ràhámọ̀tù àti Àmúdà; ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ, Ràfíátù wà lára wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san; àti Dúpẹ́ ní Kẹ́ńyà, tí kò tíì gbọ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀rù ṣì ń bà wá. Láti ìgbà tí Dúpẹ́ ti lọ, à ń rí amù tí kò ní aṣọ lẹ́nu mọ́. Adágún yẹn ṣì wà níbẹ̀. Kí Màmá tó kú ni wọ́n ti fọwọ́ ara wọn gé aṣọ tí a fi sin wọ́n. Èyí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ni a fi sẹ́ omi tí ẹ ó mu níbi fídáù yìí.

Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ mu ún.

Adùnọlá, ọmọ Rájí, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Ẹ sùn ire o, Màmá.