Ìlà Tí Waliyah Fà Sára Ògiri

Mutmainah ọmọ mi,

Mo kí ìwọ àti ọkọ rẹ lókè òkun. Orúnkún bàbá rẹ ti ń fúyẹ́, ó ti tún ń lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Mo ṣẹ Waliyah ọmọ rẹ. Ó fi èédú fa ìlà wúruwùru sára ògiri, mo nà án, mo sì fọ ìlà náà kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo sọ fún tíṣà rẹ̀, ó ní, "Màmá, kò tíì lè kọ̀wé. Bó ṣe ń sọ tinú rẹ̀ nìyẹn."

Mo ra bébà fún un. Ó fa ìlà gbọọrọ kan. Mo bi í pé kí ni. Ó ní, "Ọwọ́ Mọ́mì ni. Ó gùn kó lè kàn mí."

Mo ti bẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, kí o fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọlọ́run á da gbogbo wa pọ̀ láyọ̀.

Ìyá rẹ,
Rọ̀kíbátù, Ẹ̀pẹ́